Agboolé Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Lé Nílé

Ẹ̀yin aládùúgbò mi, kò sí ẹni tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé agboolé fún nínú wa. A mọ̀ pé kì í ṣe ògiri àti páànù nìkan. Agboolé lórúkọ, ó ní olórí, ó sì ní ìyá àgbà kan tó mọ ẹni tó ti jẹun àti ẹni tí kò tíì jẹ. Bí ọmọ ilé bá ṣe ohun tí kò dáa, wọn á pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á bá a wí. Bí ó bá ṣàìsàn, ẹnì kan á gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá bá a lórí ẹní. Bí ó bá di ọjọ́ ọdún, gbogbo ilé á jáde pọ̀, ará àdúgbò á sì mọ̀ pé ilé báyìí ló ń kọjá. Bí ọlọ́jọ́ bá sì dé, ará ilé ló ń gbẹ́ ilẹ̀, ará ilé ló ń sunkún.

Ìlú New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ kí a jọ dé lónìí. Àwọn ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ilé tí wọ́n bí wọn sí lé jáde, tí wọ́n di asùnta, tí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn tẹ agboolé mìíràn dó. Ohun tí wọ́n lé wọn fún ni pé ọkùnrin inú wọn ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin inú wọn ń fẹ́ obìnrin, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n bí ní ọkùnrin ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ ara wọn sí obìnrin. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í rọrùn lẹ́nu wa, ẹlòmíràn nínú yín á sì ti fajúro. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí rẹ̀ dìde. Ojú agboolé tí a mọ̀ yìí náà ni kí a fi wò ó, kí a wá mọ ohun tó ń sọ ènìyàn di ará ilé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ kan. Ọdún 1951 ni wọ́n bí Sylvia Rivera ní New York. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 3, ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ. Ọkùnrin ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń kun ojú bí obìnrin, ìyà tó sì jẹ nítorí rẹ̀ kò kéré. Kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 11 lọ tó fi kúrò nílé, tó bọ́ sí Òpópónà 42, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ẹnikẹ́ni ti ń ta ara wọn kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún 11. Ọmọ tí a ṣì ń rán lọ ra mágì ní ìsọ̀ ìtòsí ni, tí a sì ń kìlọ̀ fún pé kí ó yára padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ dé ìgboro, àwọn tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó ń múra bí obìnrin, ló gbà á mọ́ra. Àwọn náà ló sọ ọ́ ní Sylvia.

Òfin kò sí lẹ́yìn irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1845 ni ìpínlẹ̀ New York ti ní òfin kan tó ka kíkun ojú tàbí dída aṣọ bora láti fi para dà sí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí àwọn àgbẹ̀ tó ń bá onílẹ̀ jà ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn ọlọ́pàá ń fi í mú ọkùnrin tó bá wọ aṣọ obìnrin. Ìbálòpọ̀ láàrin ọkùnrin méjì náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ náà títí ilé ẹjọ́ fi wọ́gi lé e ní 1980. Ilé ọtí tí wọ́n bá ti ń kóra jọ, ọlọ́pàá á ya wọ ibẹ̀. Bí àwọn jàǹdùkú bá sì lù wọ́n lójú títì, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n fẹ́ fẹjọ́ sùn sí?

Ní òru ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1969, ọlọ́pàá tún ya wọ ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Stonewall Inn, ní òpópónà Christopher. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó wà níbẹ̀ kò gbà. Rògbòdìyàn náà gbà tó ọjọ́ mélòó kan. Lára àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ asùnta tó ń fi ọgbà kékeré tó dojú kọ ilé ọtí náà ṣe ibùsùn. Àwọn yòókù nílé tí wọ́n lè sá lọ, tiwọn kò sí.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ní 1970, Sylvia àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Marsha P. Johnson dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ STAR. Marsha fi nǹkan bí ọdún 6 ju Sylvia lọ. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ ìlú Elizabeth ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ẹni tó máa ń fi òdòdó ṣe ọ̀ṣọ́ sórí kiri ìgboro. Àwọn méjèèjì gan-an kò ní ibùgbé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, Sylvia kò sì tíì pé ọmọ 20 ọdún. Síbẹ̀, bí wọ́n bá rí ọmọ tó kéré sí wọn lójú títì lóru, wọn kò lè gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn yìí kò tíì dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti já lé wọn léjìká.

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ilé ni ẹ̀yìn ọkọ̀ àjàgbé kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ní àdúgbò Greenwich Village. Inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ náà ń tò sí sùn. Sylvia sọ lẹ́yìn náà pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òun àti Marsha ń gbé oúnjẹ bọ̀ fún wọn nígbà tí àwọn rí i pé ọkọ̀ náà ti ń lọ. Ọlọ́kọ̀ ti wá gbé ẹrù rẹ̀, kò mọ̀ pé ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ń bẹ́ sílẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan, oorun ṣì wà lójú wọn. Ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì pinnu pé ilé tó ní ìlẹ̀kùn làwọn máa wá.

Wọ́n rí ọ̀kan ní nọ́ńbà 213, Òpópónà Kejì, ìhà ìlà-oòrùn. Ilé tó ti bàjẹ́ ni. Àwọn fúnra wọn ló gbá a, tí wọ́n tún un ṣe bí agbára wọn ti mọ. Sylvia àti Marsha ń jáde lóru lọ ta ara wọn kí owó ilé lè pé, kí àwọn àbúrò má bàa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àbúrò ń wá oúnjẹ wálé. Wọ́n ń jí òmíràn nínú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, n kò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Gbogbo wọn á sì jọ jókòó jẹ ẹ́. Ilé náà kò tọ́jọ́. Ní 1971, wọ́n lé wọn jáde níbẹ̀.

Ẹnìkan á bi mí pé: ṣé ará ilé nìwọ̀nyí, ẹ̀jẹ̀ wo ló so wọ́n pọ̀? Ẹ jẹ́ kí a padà wo ìpìlẹ̀ agboolé tiwa dáadáa. Nígbà ogun ọ̀rúndún 19, ibùdó ogun ni Ìbàdàn kí ó tó di ìlú. Ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Ìjẹ̀bú àti ará Ẹ̀gbá ló pàdé níbẹ̀, àwọn tí ogun ti fọ́ ìlú wọn sì ń ya wọlé tẹ̀lé wọn. Ẹni tó bá dé láìmọ ẹnikẹ́ni á lọ fara mọ́ olórí kan. Olórí náà á fún un ní yàrá, á fi ibi tí yóò dáko sí hàn án. Bó bá pẹ́ títí, ọmọ àti ọmọọmọ rẹ̀ á di ọmọ agboolé náà. Títí dòní, inú agboolé ńlá kan ṣoṣo lẹ ti lè bá ìdílé tí oríkì wọn yàtọ̀ síra, tí orílẹ̀ wọn kò pọ̀, tí wọ́n sì jọ ń jẹ́ orúkọ ilé kan náà. Ogun ló tú wọn nílé, ilé mìíràn ló gbà wọ́n. Wọ́n fún wọn níbùsùn, wọ́n fún wọn lórúkọ, wọ́n sì retí iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó sọ wọ́n di ọmọ ilé nìyẹn.

Irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi lélẹ̀ ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọkùnrin tó ń múra bí obìnrin ti ń ṣe àríyá ìdíje ẹwà ní ìlú náà, ṣùgbọ́n bí aláwọ̀ dúdú bá dé ibẹ̀, aláwọ̀ funfun ni wọ́n sábà máa ń gbé adé fún. Ní 1967, Crystal LaBeija bínú kúrò lórí pèpéle irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ohun tó rí láìfi epo bọyọ̀. Ìbínú náà wà nínú fíìmù kan tó jáde ní 1968, The Queen ni wọ́n pè é. Nígbà tó di 1972, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lottie ṣe àríyá tiwọn ní Harlem fún àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì fi orúkọ Ilé LaBeija pè é. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi tẹ ilé tiwọn dó: Ilé Corey, Ilé Dupree, Ilé Pendavis, Ilé Ninja. Ní 1982, àwọn ọmọ tí ìran wọn wá láti Puerto Rico àti ilẹ̀ tó ń sọ èdè Sípáníìṣì dá Ilé Xtravaganza sílẹ̀.

Ilé kọ̀ọ̀kan ní ìyá, púpọ̀ nínú wọn sì ní bàbá. Ẹni tí ilé bá gbà wọlé á máa jẹ́ orúkọ ilé náà: Pepper LaBeija, Willi Ninja, Venus Xtravaganza. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí èyí jẹ́ fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti sọ fún pé kó má ṣe jẹ́ orúkọ òun mọ́. Àwa la sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ọmọ yìí wo ilé tó lé wọn, wọ́n wo ilé tó gbà wọ́n, wọ́n sì mú orúkọ èyí tó gbà wọ́n.

Ọjọ́ àríyá ni ọjọ́ ọdún wọn. Bí agboolé kọ̀ọ̀kan níbí ṣe ń gbé egúngún rẹ̀ jáde, tí wọ́n á ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ rán aṣọ, tí ọmọ ilé á rọ̀ yí i ká, tí ìtìjú eégún sì ń di ìtìjú gbogbo ilé, bẹ́ẹ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan ní Harlem ń jáde. Ọ̀gànjọ́ ni eré máa ń gbóná, ilẹ̀ á sì mọ́ bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Gbọ̀ngàn á kún. Alága á ké orúkọ ìdíje: ti oníjó wà, ti arẹwà wà, ti ẹni tó lè múra bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńlá wà, ti ẹni tó lè rìn bí ológun wà. Ọmọ ilé á gba àárín gbọ̀ngàn kọjá, àwọn onídàájọ́ á gbé káàdì sókè, 10 sì ni máàkì tó ga jù. Ẹni tó bá yege á gbé ife ẹ̀yẹ lọ fún ilé rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ bú lójú títì, tí wọ́n tutọ́ sí lára nínú ọkọ̀ ojú irin, á gbọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ké orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Ijó tí wọ́n ń jó níbẹ̀, tí wọ́n ń fi apá àti ara ya àwòrán bíi ti ìwé ìròyìn Vogue, ni Madonna fi kọrin ní 1990. Méjì nínú àwọn oníjó rẹ̀ nígbà náà, Jose àti Luis, ọmọ Ilé Xtravaganza ni wọ́n. Nígbà tí Beyoncé gbé àwo Renaissance jáde ní 2022, ohun inú àwọn àríyá yìí ló yá lò nínú púpọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún kì í ṣe ojoojúmọ́. Iṣẹ́ ìyá ilé wà ní ọjọ́ tí kò sí ìlù. Angie Xtravaganza ni ẹ jẹ́ kí a wò. Ọdún 1964 ni wọ́n bí i, kò sì tíì pé 20 ọdún nígbà tó di ìyá Ilé Xtravaganza. Àwọn ọmọ tí òun fi ọdún díẹ̀ jù lọ ló ń bọ́, tó ń gbà sùn, tó ń bá wí. Ilé wọn kì í ṣe ọ̀run. Ìjà wà níbẹ̀, ìlara wà, ilé ń pín sí méjì bí agboolé ṣe ń pín. Ebi ń mú kí ọmọ jalè, àìríbi sùn ń mú kí ó bá ẹni tí kò mọ̀ rí wọ mọ́tò.

Venus Xtravaganza jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Angie. Ọmọ ọdún 23 ni, ara rẹ̀ kéré, ó sì máa ń sọ ìrètí rẹ̀ pé òun á ní ilé tòun, òun á sì ṣègbéyàwó. Ní oṣù kejìlá ọdún 1988, wọ́n bá òkú rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní New York. Ẹnì kan ti fún un lọ́rùn pa, a kò sì rí ẹni náà mú. Nígbà tí ọlọ́pàá gbé àwòrán òkú náà kiri kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín, ọ̀dọ̀ Angie ni wọ́n dé. Angie ló wo ojú ọmọ náà tó ní èyí ni Venus, òun náà ló sì lọ sọ fún àwọn tó bí i. Ó wà nínú fíìmù Paris Is Burning, tó jáde ní 1990, níbi tí Angie ti ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti tún òkú ṣe rí, ẹ mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ tó wúwo ju èyí lọ nínú ilé. Ẹni tó bá ń ṣe é fún ọmọ, ta ló lè sọ fún un pé kì í ṣe ìyá?

Ní àwọn ọdún kan náà, àrùn AIDS ń pa wọ́n bí ewé. Àwọn ẹbí mìíràn kò wá sí ọsibítù, wọn kò sì wá sí ìsìnkú. Ará ilé tuntun ló ń jókòó ti aláìsàn, tó ń wá owó pósí. Àrùn náà ló pa Hector Valle, ẹni tó dá Ilé Xtravaganza sílẹ̀, ní 1985. Òun ló tún mú Angie lọ ní 1993. Ọmọ ọdún 28 ni Angie.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan. Ali Forney fi ilé sílẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13, ó sì dàgbà sí ojú títì New York. Dípò kí ó máa wá tirẹ̀ nìkan, ó ń lọ bá àwọn asùnta ẹgbẹ́ rẹ̀ lóru, ó ń pín rọ́bà ìdáàbòbò fún wọn, ó ń kọ́ wọn bí wọn kò ṣe ní kó àrùn HIV. Bí wọ́n bá pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, òun ló máa ń rọ ọlọ́pàá pé kí wọ́n wá apààyàn náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1997, wọ́n yìnbọn pa òun náà ní Harlem. Ọmọ ọdún 22 ni. Ọkùnrin kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa, Carl Siciliano, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ní 2002, ó fi ibùsùn 6 bẹ̀rẹ̀ ní abẹ́ ilé ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó sì fi orúkọ ọmọ náà sọ ọ́: Ali Forney Center. Ibẹ̀ ti di ibùgbé ńlá fún irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní 2012, Williams Institute, tó wà ní Yunifásítì California ní Los Angeles, bi àwọn tó ń tọ́jú ọ̀dọ́ asùnta káàkiri Amẹ́ríkà léèrè nípa àwọn ọmọ tó ń wá bá wọn. Nǹkan bí 40 nínú 100 ló jẹ́ irú àwọn ọmọ tí à ń sọ yìí. Ohun tó gbawájú tó lé wọn síta ni pé àwọn ẹbí wọn kọ̀ wọ́n. Kì í ṣe ogun, kì í ṣe ìyàn. Ẹnu ọ̀nà tiwọn ni wọ́n tì mọ́ wọn.

Àwọn baba wa sọ pé bó ti wù kí ọmọ burú tó, a kì í fi í fún ẹkùn pa jẹ. Èmi kò gbà pé ọmọ burúkú ni àwọn tí mo sọ ìtàn wọn yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ pàápàá, òwe náà kò yọ̀ǹda fún un láti ṣílẹ̀kùn lóru kí ó ti ọmọ ọdún 11 sí ìgboro. Ìgboro ni ẹkùn. Àwọn ọmọ tí kò ní nǹkan kan ti fi hàn wá pé ìdílé jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́: ẹni tó bọ́ ọmọ, tó fún un lórúkọ, tó ṣọ́ ọ nígbà àìsàn, tó sì sin ín nígbà tó kú, òun ni ẹbí rẹ̀. Ẹni tó bí i tí kò ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí ti fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, yálà ilé lẹ wà tàbí òkè òkun, mo bẹ̀ yín. Bí ọmọ yín bá wá fi irú ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ yín, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ tán. Bí inú bá ń bí yín, ẹ jẹ́ kí ó bí yín níwájú rẹ̀ nínú ilé, ẹ má gbé ẹrù rẹ̀ síta. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá dé ẹnu ọ̀nà yín lóru, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ bu oúnjẹ fún un, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó bi í léèrè ohunkóhun. Ẹ má sì ṣe dara pọ̀ mọ́ àwọn tó bá ń lu ọmọ ọlọ́mọ lójú títì, ohun yòówù kí wọ́n ní ó ṣe.